Ọ̀ràn Oògùn Ọ̀wọ́n àti Ojúṣe Àwọn Ìjọba Wa

Àwọn baba wa ní, ìlera ni oògùn ọrọ̀. Lóde òní, a níláti dorí òwe náà kodò kí a tó lè rí òtítọ́ ìgbà wa nínú rẹ̀: ọrọ̀ ti di oògùn ìlera, nítorí pé ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́ kò lè rí oògùn lò ní ilẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin Ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn ìlú tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò láìfi bò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà a lọ sí ilé ìwòsàn Ìjọba. Dókítà a yẹ̀ ẹ́ wò, a sì kọ oògùn fún un. Nígbà tí ó bá mú ìwé náà dé ojú fèrèsé ilé oògùn, wọn a sọ fún un pé mẹ́ta nínú mẹ́rin kò sí, kí ó lọ rà wọ́n níta. Aláìsàn náà a ka owó ọwọ́ rẹ̀, a ra oògùn ọjọ́ márùn-ún dípò ti ọgbọ̀n ọjọ́, a sì máa fi ṣúnwọ́n lò, lónìí kí ó lò ó, lọ́la kí ó fò ó. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a gbọ́ pé ó ṣubú lulẹ̀, apá kan ara rẹ̀ sì rọ. Àwọn ará ilé a ní ayé ni ó ṣe é. Àwa wí pé kì í ṣe ayé. Àìrí oògùn rà ni.

Nínú gbogbo owó tí a ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó ju 70 lọ nínú 100 tí ó ń ti inú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Púpọ̀ nínú oògùn tí a ń lò ni ó ń ti òkè òkun wá, ibẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú èròjà tí àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́lé fi ń ṣe tiwọn ti ń wá. Nítorí náà, nígbà tí náírà wó lulẹ̀ ní ọdún 2023, iye oògùn fò sókè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà gan-an ni ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Oògùn tí àwọn tí mímí ṣòro fún ń fà sẹ́nu sì di ohun tí a ń wá kiri bí ohun tí ó sọnù.

Kì í ṣe pé a kò ní òfin. Ní 1989, Ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí kalẹ̀. Ní 1990, ó gbé ìlànà oògùn fún gbogbo orílẹ̀-èdè jáde. Ní oṣù Kẹrin 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pé jọ sí Àbújá, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa ya 15 nínú 100 owó ìṣúná sọ́tọ̀ fún ìlera. Àwa tí a gbà wọ́n lálejò kò tíì san ẹ̀jẹ́ náà. Ní 2022, òfin tún sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. Ìwé pọ̀ nínú àpótí. Àtẹ oògùn ni ó ṣófo.

Àwọn kan ń wí pé oògùn jẹ́ ọjà bí ọjà mìíràn, kí Ìjọba jọ̀wọ́ rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra aṣọ ń yan èyí tí ó wù ú, ó ń ná an, bí ó bá sì wọ́n, ó lè dúró di ọjọ́ ọjà mìíràn. Ta ni ó lè dúró ná ọjà nígbà tí gìrì bá gbé ọmọ rẹ̀? Dókítà ni ó yan oògùn náà, oníṣòwò ni ó dá iye lé e, aláìsàn kò sì lè fi ojú lásán mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Ní 1990, ju 100 ọmọdé lọ ni ó kú ní Ìbàdàn àti ní Jos nítorí oògùn ibà olómi tí májèlé wà nínú rẹ̀. Láti ìparí 2008 bọ́ sí 2009, oògùn eyín ọmọdé tún pa ju 80 lọ. Ní oṣù Kejì 2025, àjọ NAFDAC níláti ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà, Onitsha àti Aba pa kí ó lè tú wọn wò. Àyè tí Ìjọba bá fi sílẹ̀, ayédèrú ni í jókòó síbẹ̀.

Àwọn mìíràn ní Ìjọba kò lówó. Ǹjẹ́ Bangladesh lówó jù wá lọ ní 1982 bí? Ní ọdún náà ni Ìjọba wọn ṣe òfin oògùn: ó lé oògùn tí ó ju 1,500 lọ kúrò lọ́jà nítorí pé wọn kò wúlò tàbí pé wọ́n léwu, ó dá iye lé àwọn oògùn kòṣeémánìí, ó sì la ọ̀nà fún àwọn ilé iṣẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ wọn. Lónìí, ju 95 lọ nínú 100 oògùn tí wọ́n ń lò ni a ń ṣe nílẹ̀ wọn. Ní Brasil pẹ̀lú, níbi tí àwọn ọmọ ìyá wa ní Bàhíà ṣì ń ké pe Ṣàngó àti Ọ̀ṣun, òfin ìpilẹ̀ 1988 wí pé ìlera jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn àti ojúṣe Ìjọba. Ní 1999, wọ́n fi òfin ti oògùn tí a ń fi orúkọ èròjà rẹ̀ tà lẹ́yìn, èyí tí owó rẹ̀ kéré sí ti olórúkọ ńlá. Ní 2004, wọ́n dá ilé oògùn mẹ̀kúnnù sílẹ̀. Láti 2011 ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ sì ti di ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Ìpinnu ni ó ṣáájú, owó sì tẹ̀ lé e.

Nínú ẹgbẹ́ wa yìí gan-an, a ń gbọ́ ohùn kẹta, tí ó ní kí a padà sí agbo àwọn baba wa, kí a sì gbàgbé oògùn òyìnbó. Àwa tí a ń gbé àṣà Yorùbá ga kò gbọdọ̀ fi agbo ṣe àwáwí fún Ìjọba. Ẹ wo ìtàn oògùn àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde tí a ń pè ní Niprisan. Láti ọwọ́ ìdílé oníṣègùn Yorùbá kan ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá: iyere, osùn, kànáfùrù àti okà bàbà. Ilé ìwádìí oògùn ti Ìjọba àpapọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n a fi ṣíṣe rẹ̀ lé ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan lọ́wọ́. Oògùn náà jáde sí ọjà ní 2006, ilé iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè ní 2008, oògùn sì di àwátì. Ìmọ̀ àwọn baba wa kò kùnà. Ìjọba tí kò dúró tì í ni ó kùnà.

Ohùn kẹrin ni ti àwọn olóṣèlú, tí ń ké "Ọ̀fẹ́! Ọ̀fẹ́!" ní gbogbo ìgbà ìdìbò. A kò gbàgbé pé Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé 18 lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí pé láti 1979 di 1983, ìwòsàn ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú òpó mẹ́rin tí àwọn ìpínlẹ̀ ẹgbẹ́ UPN dúró lé. Àwa kì í ṣe ọ̀tá ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀, òfo ni.

Ní 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako, wọ́n sì fọwọ́ sí ọ̀nà kan tí gbogbo àgbẹ̀ lè mọ̀. A ó fún ilé ìwòsàn ní oògùn àkọ́kọ́. A ó tà á fún aláìsàn pẹ̀lú èlé díẹ̀. A ó sì fi owó náà ra òmíràn. Ojú owó náà ni ebu. Àgbẹ̀ tí ó bá se ebu rẹ̀ jẹ, kò ní rí iṣu wà lọ́dún tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún wa: níbi púpọ̀, a fi owó oògùn san owó mìíràn, a ní kí a má gba owó lọ́wọ́ àwọn kan, a kò sì san án padà fún ilé oògùn, ọjà gbówó lórí, a sì ń fi iye àná tà á, títí tí owó àpò mẹ́wàá kò fi lè ra mẹ́fà mọ́. A ti se ebu jẹ, a wá ń bi ara wa ìdí tí ebi fi ń pa wá.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin pé owó oògùn yóò wà ní àpò tirẹ̀, kí ó sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ìjìyà fún ẹni tí ó bá fi ṣe nǹkan mìíràn. Kí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, pa owó pọ̀ ra oògùn kòṣeémánìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe é, nítorí ẹni tí ń ra ẹgbẹ̀rún àpò kì í san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ń ra mẹ́wàá. Ilé iṣẹ́ DAWN tí wọ́n jùmọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 2013 lè gba iṣẹ́ náà ṣe. Kí dókítà Ìjọba máa fi orúkọ èròjà kọ oògùn, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́. Kí Ìjọba máa san owó àwọn ọmọdé, aboyún àti arúgbó tí kò ní olùrànlọ́wọ́ sínú àpò oògùn náà, kí ó tó kéde pé a kì yóò gba owó lọ́wọ́ wọn. Kí a sì lẹ iye oògùn kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé oògùn ní èdè Yorùbá. Àṣẹ tí Ààrẹ pa ní oṣù Kẹfà 2024, tí ó mú owó ibodè kúrò lórí èròjà oògùn, dára. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣọ́ iye tí a ń tà á, ọwọ́ alágbàtà ni àǹfààní rẹ̀ yóò dúró sí.

Ẹ̀yin Ọba wa, kò sí gómìnà tí kì í wá sí ààfin. Nígbà tí ó bá tún dé, kí ẹ má béèrè ọ̀dà ojú títì nìkan. Ẹ ní kí ó mú ìwé owó oògùn ilé ìwòsàn ìlú yín wá. Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ yan ènìyàn méjì nínú ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó mọ ìṣirò àti ẹni tí ó mọ oògùn, kí wọ́n máa lọ wo àtẹ ní oṣooṣù, kí wọ́n sì wá jíṣẹ́ fún ìlú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá jókòó nínú ìlú tí àwọn ènìyàn wa sì ń kú ikú tí oògùn kékeré lè dá dúró, kì í ṣe Ìjọba nìkan ni ìran tí ń bọ̀ yóò bi léèrè.