Alẹ́ Gígùn Peckham Dára fún Àlọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí òwe yìí ti jẹ́ òtítọ́ ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ òtítọ́ ní Peckham, àdúgbò kan ní gúúsù ìlú Lọ́ńdọ́nù tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí níbẹ̀ kò rí kó lé ọmọ wọn lọ́wọ́ mọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà ni èdè Yorùbá. Bí a bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọn a ní kò sí àkókò. Òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ní ìgbà òtútù tó láti fi hàn pé àwáwí yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Yorùbá kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Alẹ́ ni àkókò rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ ti tán, tí àwọn ọmọ ti jẹun yó, tí wọ́n sì jókòó yí àgbà ká. Oṣù kẹfà ọdún ní Lọ́ńdọ́nù kò gba irú ètò bẹ́ẹ̀ láàyè, nítorí pé aago 9 alẹ́ a ti kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ọmọdé a sì ti sùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ìparí oṣù kejìlá, ọ̀rọ̀ a yí padà. Oòrùn a yọ ní nǹkan bí aago 8 òwúrọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́ kò sì ní tíì lù kí ó tó wọ̀. Bí ọmọ bá ń lọ sùn ní aago 8, a jẹ́ pé nǹkan bí wákàtí 4 ni alẹ́ fi ń dúró de ẹni tí yóò lò ó. Ìgbà òtútù yìí gan-an ni ó dá àkókò àlọ́ padà fún àwọn tó wà ní Ìlú Ọba.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Ọyẹ́ a máa gbẹ ètè, a máa mú kí ẹsẹ̀ sán, ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá pọ́n, oòrùn a tún ràn. Òtútù Peckham ní ọ̀rinrin nínú, a sì máa wọ ara dé egungun. Síbẹ̀, ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, èrò a kún òpópónà Rye Lane nínú kóòtù. Iṣu wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà níbẹ̀. Ata rodo, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ kò gbẹ́yìn. Ìyá tó bá mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, tí ó sì ń dárúkọ ohun gbogbo fún un ní Yorùbá, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alẹ́ ọjọ́ náà láti ojú ọjà. Bí ọmọ bá ti mọ èlùbọ́ lọ́sàn-án, kò ní ṣòro fún un láti mọ ohun tí Ìjàpá lọ jí lálẹ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ìnira àwọn òbí wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú wọn ni kì í sinmi ní òpin ọ̀sẹ̀: àwọn kan ń tọ́jú arúgbó, àwọn kan ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ mọ́jú. Owó gáàsì náà kò sì rọ̀. Ní ọdún 2022, nígbà tí owó iná àti gáàsì ga sókè, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ní Ìlú Ọba ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí òtútù ń mú nínú ilé tirẹ̀. Ìdílé tí kò lè mú gbogbo yàrá gbóná a máa kó ara wọn jọ sí yàrá kan. Ìpéjọ tí àlọ́ ń fẹ́ náà nìyẹn. Ohun tó bani nínú jẹ́ ni pé nínú yàrá kan náà, bàbá a tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ìyá a di fóònù mú, ọmọ a tẹjú mọ́ tirẹ̀. Ara gbóná, ọ̀rọ̀ tutù. Bẹ́ẹ̀ sì ni àlọ́ kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ọmọ gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń dáhùn. Àlọ́ àpamọ̀ ni oògùn èyí, nítorí ọ̀rọ̀ kan péré ni ìdáhùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Orin inú àlọ́ náà ń ṣèrànwọ́: ọmọ tí ojú ń tì láti sọ̀rọ̀ a lè gbe orin pẹ̀lú àwọn yòókù láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n òbí tó bá ń fi ohùn ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí àmì ohùn bá ṣì í lẹ́nu, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́.

Kò pọn dandan kí ìtàn tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fagunwa kọ, tí ó jáde ní ọdún 1938, Àkàrà-ògùn a máa dá ìtàn rẹ̀ dúró, a sì padà wá lọ́jọ́ kejì láti máa bá a lọ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún òpin ọ̀sẹ̀. Kí ìtàn dúró níbi tó dùn jù ní alẹ́ Àbámẹ́ta, ọmọ ni yóò béèrè ìyókù ní Ọjọ́ Àìkú.

Iṣẹ́ wà fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Òjò, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ni ojú ọjọ́ tí àlọ́ àtijọ́ mọ̀. Yìnyín ń dúró de oníṣẹ́ ọnà tirẹ̀. Báwo ni Ìjàpá yóò ti ṣe ní Peckham? Ẹni tó ru ilé rẹ̀ sẹ́yìn lè yangàn pé òun kò san owó ilé, títí òtútù yóò fi bá a nínú ilé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ ti fi kún ìṣúra èdè.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta ni wọ́n ń ti aago síwájú ní Ìlú Ọba; láti ìgbà náà ni alẹ́ gígùn ń lọ. Ìyá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú yóò tún pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Bí ọmọ náà bá kí i, tí ó sì pa àlọ́ kan fún un, òtútù ọdún náà ti ṣe rere. Bí ó bá sáré gbé fóònù fún ìyá rẹ̀ nítorí pé kò lè dáhùn, kì í ṣe àkókò ni kò sí.