Ẹ Jẹ́ Ká Lọ Yẹ Ilé Ìwòsàn Àdúgbò Wa Wò

Ẹ̀yin ará Gbàgádà, ẹ̀yin ará Kétu, Ìkòsì, Máìlì 12 àti Agbóyì, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀ yín. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, kí kálukú wa wẹ̀, kó múra, kó rìn lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìjọba tó sún mọ́ ilé rẹ̀ jù. Kì í ṣe tìtorí pé ara ń ro wá. Ká kàn lọ fojú ara wa rí i ni.

Ẹni tó bá ní kí ni mo ń wí, kó gbọ́ ohun tójú mi rí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, nígbà tí kòrónà tún gbérí lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá aládùúgbò wa kan ò lè mí délẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn aládàáni tí a gbé wọn lọ ní bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní dókítà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ́síjìn àwọn ti tán láti òru. Bí a bá fẹ́ kí Màmá mí, ká lọ wá ọ́síjìn wá. Èmi àti ọmọ Màmá gbé sìlíńdà òfìfo sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Irin dúdú ni, ọ̀dà ti bó lára rẹ̀, ó sì tutù lórí itan bí omi kànga. Kòtò kọ̀ọ̀kan tí kẹ̀kẹ́ bá já sí, a ó dì í mú bí ẹni di ọmọ mú. Ibi kẹta tí a dé la ti rí èyí tí nǹkan wà nínú rẹ̀, kò tiẹ̀ kún. A gbé e dé, nọ́ọ̀sì fẹ́ so ó mọ́ rọ́bà, kò rí sìpánà tí yóò fi tú orí rẹ̀. Àfìgbà tí ẹnì kan sáré lọ yá sìpánà lọ́wọ́ mẹkáníìkì tó ń tún ọ̀kadà ṣe lójú títì, tòun ti epo ẹ́ńjìnnì lára rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé epo kì í bá ọ́síjìn ṣọ̀rẹ́, pé iná lè ti ibẹ̀ sọ.

Màmá yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n sìpánà yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Lóṣù yẹn kan náà, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu sọ pé ní ilé ìwòsàn àrùn tó ń ràn ní Yábàá, sìlíńdà 70 tí wọ́n ń lò lójúmọ́ ti di 350. Ìjọba àpapọ̀ náà buwọ́ lu N6.45 bílíọ̀nù láti fi gbé ẹ̀rọ tí ń ṣe ọ́síjìn kalẹ̀ síbi 38 káàkiri orílẹ̀-èdè. A gbóríyìn fún wọn. Àmọ́ àbí ẹ̀yin náà ò rí i pé ìgbà tí òùngbẹ ti ń gbẹni la wá ń gbẹ́ kànga? Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò ti fi hàn pé kòrónà wà lára ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé. Nǹkan bí oṣù mọ́kànlá la fi mọ̀ pé ó wà láàárín wa. Kí a tilẹ̀ gbàgbé kòrónà: ọmọdé tí òtútù àyà mú ń wá ọ́síjìn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ àrùn yẹn rí, ó sì ń wá a lónìí.

Àwa tá a wà ní Gbàgádà mọ èyí ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Inú ọgbà ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà tiwa níbí ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ilé kan sọ́tọ̀ ní oṣù Karùn-ún 2020, bẹ́ẹ̀dì 118, fún ẹni tí kòrónà bá mú. Ilé tí wọ́n kọ́ fún aláìsàn ọkàn àti kídìnrín ni tẹ́lẹ̀. Ní Oníkan, pápá bọ́ọ̀lù ni wọ́n sọ di ibùdó ìyàsọ́tọ̀. Wọ́n tètè ṣe é, ó sì gba ẹ̀mí là. Ẹni tó bá ní wọn ò ṣiṣẹ́, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n pápá bọ́ọ̀lù ti padà di pápá bọ́ọ̀lù, kídìnrín ò sì dúró de kòrónà kó lọ tán kó tó máa dààmú ẹni tó ń dààmú. Bí a bá gba ilé lọ́wọ́ aláìsàn kan fún aláìsàn mìíràn, a yáni nílé ni, a ò tíì kọ́lé.

Èyí tó wù mí jù nínú ohun tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún náà kò ní ìlù, kò ní fèrè. Ní oṣù Kẹrin ni wọ́n gbé ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò kòrónà sọ̀ kalẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà l'Ékòó. Ará Kétu ò wá ní láti dé Yábàá mọ́ kí wọ́n tó ti owú bọ̀ ọ́ nímú. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an ni ètò ìlera wa bẹ̀rẹ̀ sí í bá àrùn jà.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe borí Ebola. Nígbà tí Patrick Sawyer gbé e wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2014, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn wọn ní Ọbáléndé kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò ní jáde, bó ti wù kí àwọn èèyàn fúngun mọ́ wọn tó. Àrùn náà pa Dókítà Adadevoh ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Orúkọ wọn la sábà máa ń dá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a kì í dárúkọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń wọn ìgbóná ara gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn. Èèyàn 894 ni wọ́n ṣọ́, ìgbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn sì tó nǹkan bí 18,500. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Èèyàn mẹ́jọ ló kú. Ẹ wo ohun tí ó ṣe ní Làìbéríà àti Sàró.

Tí ẹnì kan bá ń rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo ń tú, kó rántí oṣù Kẹfà 2024. Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ni Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, kọ́kọ́ dárúkọ: Etí-Ọ̀sà, Lagos Island, Ìkòròdú, àti Kosofe tiwa. Ó bà mí nínú jẹ́, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Agbóyì àti ẹ̀yìn Máìlì 12 mọ̀ ọ́n lámọ̀dunjú: bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán, tí odò Ògùn kún bò wá, kànga àti ṣáláńgá a di ọ̀kan náà. Onígbáméjì kì í béèrè ẹ̀rọ olówó iyebíye. Omi tó mọ́, iyọ̀ àti ṣúgà tí a pò sómi, dírípù, àti ẹni tí yóò tètè fún aláìsàn, ó parí. Ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ló fi ń gbẹ omi tán lára èèyàn. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tí ẹsẹ̀ lè gbé wa dé ló lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tó ṣe mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, rí èyí kí púpọ̀ nínú wa tó dáyé. Òun ló gbé ìlera alábọ́ọ́dé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, kó lè sún mọ́ ilé. Òfin ìlera ọdún 2014 náà ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀. Ní Abújà tiwa ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí ní oṣù Kẹrin 2001 pé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná ni àwọn yóò máa ná sórí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò ò dé ibẹ̀ rí. Owó tí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè, ẹ̀yin náà mọ ibi tó máa ń gbà.

Àwa ló yẹ ká béèrè rẹ̀. (Ẹ má rò pé òṣèlú ni mo ń ṣe. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí mo wà ni ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, mo sì tún jẹ wọ́n lówó ọdẹ.)

Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ kí àwọn nọ́ọ̀sì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àlejò la jẹ́, a kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ tọrọ àyè, kẹ́ ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, kẹ́ ẹ rí i bóyá omi ń jáde. Ẹ béèrè fíríìjì tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà: bí NEPA bá mú iná lọ fún ọjọ́ méjì, kí ló ń gbé e, ta ló ń ra epo? Ẹ béèrè ọ́síjìn. Bó bá wà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí i díẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹ béèrè sìpánà rẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ń jókòó níbẹ̀ ní aago méjì òru, àti ìgbà tó gbowó oṣù kẹ́yìn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì. Ní oṣù Keje 2020, láàárín kòrónà gan-an, àwọn dókítà ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láti ṣèkìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó. A ń pàtẹ́wọ́ fún wọn lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, àmọ́ àtẹ́wọ́ ò san owó ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jápa.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé. Ìlànà ìlera alábọ́ọ́dé fàyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ìlera ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí ará àdúgbò jókòó síbẹ̀. Ẹ béèrè àwọn tó wà nínú tiyín. Bí wọn kì í bá ṣèpàdé, ẹ pè é. Bí kò bá sí, ẹ dá a sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ìwé yín lọ bá kánsẹ́lọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i pé òun gbà á.

Ìyálọ́jà àti Bàbálọ́jà Máìlì 12, ọjà yín ló ń bọ́ Èkó, ẹ bá wa fi omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí àrùn bá dé nìkan. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ìmáàmù, ẹ kéde Sátidé yìí fún ìjọ kẹ́ ẹ tó gba ọrẹ. Ẹ̀yin onílé, ẹ fi kún àjẹńdà ìpàdé. Ẹni tí kò bá tíì fi orúkọ sílẹ̀ fún Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ wa, kó ṣe bẹ́ẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ àìsàn la ó máa ta fóònù.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ti gbọ́ ti èyí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́wàá: 2014, 2020, 2024.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni o. Ẹ mú bírò àti ìwé dání. Ẹ mú ọmọ kan tó ti lè kọ̀wé dání, kó bá yín kọ ọ́. Èmi á mú sìpánà tuntun kan lọ, èyí tí epo ò kàn rí, màá fún àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀.