Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ Ìkàwé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, ọ̀kan nínú wa fi ebi pa ara rẹ̀, ó tọ́jú owó, ó sì ránṣẹ́ sí Ìkẹjà pé kí wọ́n bá òun ra ẹ̀rọ ìkàwé, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní e-reader. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé Sàmárù, gbogbo wa ni a pé lé e lórí. Ó fúyẹ́, ó fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ dà bí ìwé gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé handout olùkọ́ rẹ̀ sí i, lẹ́tà náà kéré bí ẹyin ìdun. Ó tún ṣí ìwé Yorùbá kan, àpótí kéékèèké ni ó rí níbi tí ó yẹ kí àmì ohùn wà. Kò pé oṣù kan tí ó fi tà á ní ìdajì owó. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o. Ìtẹ́ ni kò bá eku mu. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ fún un ní ọjọ́ kìíní, nítorí náà ẹ̀bi náà kàn wá.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ wo ìwé tí ẹ ń kà kí ẹ tó wo ẹ̀rọ tí ẹ ó rà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé èló ni, tàbí pé èwo ni ó gbajúmọ̀. Ìbéèrè wọ̀nyí kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó yẹ kí wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́, nítorí pé àwọn kan rò pé fóònù ńlá ni. Fóònù máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ni lójú. Ẹ̀rọ ìkàwé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kóró tín-ín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ni ó kún ojú rẹ̀, èròjà dúdú àti funfun sì wà nínú wọn. Bí iná mànàmáná bá kàn wọ́n, dúdú yóò bọ́ síwájú níbi kan, funfun yóò bọ́ síwájú níbòmíràn, lẹ́tà yóò sì hàn. Bí lẹ́tà bá ti dúró, kò tún gba iná mọ́ títí a ó fi ṣí ojú ìwé mìíràn. Ìdí nìyí tí bátìrì rẹ̀ fi ń lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí a sì lè kà á nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Fún ẹni tí ó ń gbé ibi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, àǹfààní kékeré kọ́. Ilé iṣẹ́ E Ink tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997 ni ó ń ṣe irú ojú ẹ̀rọ yìí. Sony fi ṣe ẹ̀rọ ìkàwé ní Jàpáànù ní 2004, Amazon sì gbé Kindle àkọ́kọ́ jáde ní 2007 ní dọ́là 399. Nígbà tí ó fi di 2024, Kindle kékeré tí wọ́n gbé jáde kò ju nǹkan bíi dọ́là 110 lọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lónìí sọ ọ́ di náírà, kí ẹ fi owó ẹrù àti èrè oníṣòwò lé e, ẹ ó rí i pé owó gidi ni lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Lójú tiwa, ohun kìíní tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá dán wò lára ẹ̀rọ ni àmì ohùn. Ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú, tí ó ń gbọ́ Yorùbá láti àárọ̀ di alẹ́, ìwé tí kò ní àmì lè má dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwa tí a wà níbí, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Kánò ni a dàgbà sí. Inú ilé ni a ti ń gbọ́ Yorùbá. Bí a bá ti jáde, Hausa ni títí a ó fi wọlé. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ wà tí ó jẹ́ pé inú ìwé ni a ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, tí a kò gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá tàbí ìyá wa rí. Àmì orí lẹ́tà ni ó ń sọ fún wa bí a ó ṣe pè é. Bí ẹ̀rọ bá jẹ àmì náà, olùkọ́ wa ni ó jẹ. Ẹ wo gbólóhùn yìí bí ẹ̀rọ tí kò mọ Yorùbá ṣe máa ń gbé e jáde: "Obinrin naa ra oko tuntun." Kí ni ó rà? Ṣé oko ni, ọkọ́ ni, ọkọ̀ ni, àbí ọkọ? Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ní bí ó bá jẹ́ ti ìkẹyìn yìí ni, kí wọ́n júwe ọjà náà fún òun.

Ohun tí ó ń fà á kò ṣòro. Nínú ètò Unicode tí àwọn ẹ̀rọ fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ni yóò mú ẹ, tí yóò sì gbé àmì lé e lórí. Bí fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń lò, kò bá mọ iṣẹ́ náà, yóò gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó gbé àpótí òfìfo kalẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà. Kobo fi àyè gbà wá láti gbé fọ́ǹtì tiwa sínú rẹ̀. Kindle náà ti ń gbà bẹ́ẹ̀ láti 2018, àyàfi àwọn ògbólógbòó tí àtúnṣe ọdún náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Gentium, Charis SIL àti Noto Serif mọ lẹ́tà wa dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ kan kò bá gba fọ́ǹtì mìíràn, ẹ má san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ títí ẹ ó fi fi ojú ara yín rí ìwé Yorùbá nínú rẹ̀. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ohun kejì ni ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ, ibi yìí sì ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣègbé. Ìwé tí ó wà ní EPUB dà bí omi. Ìkòkò tí a bá dà á sí ni yóò bá mu. Bí a bá sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, ìlà rẹ̀ yóò tún ara rẹ̀ tò. PDF kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ni yóò ṣe wà. Handout tí àwọn olùkọ́ ń fún wa, PDF A4 ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. A4 fẹ̀ tó mìlímítà 210, ojú ẹ̀rọ íǹṣì 6 kò sì fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 90 lọ. Lẹ́tà tí a tẹ̀ ní ìwọ̀n 12 yóò di bíi 5 lórí rẹ̀. Ta ni yóò ka irú èyí fún wákàtí mẹ́ta? Òótọ́ ni pé KOReader, tí í ṣe ọ̀fẹ́, lè gé ìlà PDF kí ó sì tún un tò, ṣùgbọ́n bí ó bá kan tábìlì àti ìṣirò, gbogbo rẹ̀ lè dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lórí ẹ̀rọ tí ó ju íǹṣì 10 lọ díẹ̀, lẹ́tà 12 yẹn yóò di bíi 9, èyí sì ṣe é kà. Ṣùgbọ́n Kindle Scribe, tí ó jẹ́ íǹṣì 10.2, tó nǹkan bíi dọ́là 340 nígbà tí ó jáde ní 2022. Ìlọ́po mẹ́ta ti kékeré nìyẹn.

Èrò wa ni pé ẹni tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣègùn tàbí ìṣirò kò gbọdọ̀ tìtorí handout ra íǹṣì 6. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká íǹṣì 10, kí ó ra tablet tòkunbọ̀, tàbí kí ó máa ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí ó ń ka ìwé ìtàn, eré onítàn àti ìwé tí a kọ ní gbólóhùn gbọọrọ, íǹṣì 6 tó o. Kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á ní ohun tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, wà lórí Internet Archive lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán ojú ìwé rẹ̀ ni wọ́n yà, kì í ṣe A4, nítorí náà ẹni tí ó bá ní sùúrù lè kà á lórí ẹ̀rọ kékeré.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kò gbọdọ̀ tìtorí wọn san owó púpọ̀. Ìkínní ni àyè ìkówèésí. Ìwé tí kò ní àwòrán sábà máa ń wà ní megabyte 1 tàbí 2, nítorí náà gigabyte 4 pàápàá yóò gba ìwé tí a kò ní kà tán títí a ó fi gboyè jáde. Ìkejì ni àwọ̀ mèremère, àyàfi bí àwòrán ìwé yín bá nílò rẹ̀. Ìkẹta ni pé omi kò lè wọ inú rẹ̀. Ta ni nínú wa ní ń kàwé nínú odò? Ṣùgbọ́n iná inú ẹ̀rọ yẹ ní ohun tí a ń san owó fún. Kindle tí owó rẹ̀ kéré jù kò ní iná títí di 2019. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, àtùpà ni a ó máa wá.

Ní ti tòkunbọ̀, a kò kọ̀ ọ́. Òun gan-an ni ó bá àpò wa mu jù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ojú ìwé bí ogún léraléra kí ẹ wò bóyá ìlà tàbí àbàwọ́n kan kò kúrò lójú rẹ̀. Ẹ fi sí iná kí ẹ rí i pé ó ń gba iná. Ẹ rí i dájú pé orúkọ ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ti kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tí wọ́n jí lè di pátákó lásán lọ́wọ́ yín. Ẹ tún wo ihò tí a ń ti okùn iná bọ̀, bóyá okùn fóònù yín bá a mu.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn oníṣòwò kì í sọ: ta ni ó ni ìwé tí ó wà nínú ẹ̀rọ yín? Ní oṣù keje 2009, Amazon pa ìwé méjì tí George Orwell kọ rẹ́ kúrò nínú Kindle àwọn tí ó ti sanwó fún un, nítorí pé ẹni tí ó tà á lórí rẹ̀ kò ní àṣẹ. Wọ́n tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n a ti rí i pé ó ṣeé ṣe. Nílé níbí, OkadaBooks tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, tí ó fún ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa láyè, kógbá wọlé ní ìparí oṣù kọkànlá 2023. Ní oṣù kejì 2025, Amazon mú ọ̀nà tí a fi ń gba ìwé tí a rà sórí kọ̀ǹpútà kúrò. Nítorí èyí, àwa fara mọ́ ẹ̀rọ tí ó gbà kí a fi okùn gbé ìwé tiwa sínú rẹ̀ láìlo dátà. Kobo àti PocketBook ń ka EPUB tààrà. Kindle kì í kà á bẹ́ẹ̀. Láti 2022 a lè fi EPUB ránṣẹ́ sí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí a fi Calibre yí i padà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ sì ni Calibre.

Àwọn kan yóò ní, kí ni fóònù ń ṣe? Ìbéèrè gidi ni. Fóònù òde òní púpọ̀ mọ àmì Yorùbá, ReadEra sì ń ka PDF àti EPUB lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ kò bá tíì ka odidi ìwé kan tán lórí fóònù yín, ẹ̀rọ olówó ńlá kò ní sọ yín di òǹkàwé. Ẹ ka ìwé méjì tàbí mẹ́ta tán lórí fóònù ná. Bí ojú bá ń ro yín, bí ìpè àti WhatsApp kò bá jẹ́ kí ọkàn yín pa pọ̀, bí bátìrì bá ń kú kí ẹ tó dé ìparí orí kan, nígbà náà ni ẹ̀rọ ìkàwé di ohun tí ẹ nílò. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, owó oúnjẹ yín ni kí ẹ mú dání.

Àbá tiwa fún ẹgbẹ́ kò gba owó. Kí a tẹ ojú ìwé Yorùbá kan ṣoṣo tí ó ní gbogbo àmì, kí a ṣe é ní EPUB àti ní PDF, kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, kí ó gbà á, kí ó fi handout ẹ̀ka rẹ̀ kan tì í, kí ó sì ṣí méjèèjì níwájú ẹni tí ó ń tà á. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní sáà tí ó kọjá, owó ọ̀rẹ́ wa ì bá wà lápò rẹ̀. Kí àwọn tí ó ti ní ẹ̀rọ sì mú un wá sí ìpàdé, kí àwa tí a kò ní fọwọ́ kàn án kí a tó náwó.

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Kí Elédùmarè jẹ́ kí a jèrè ohun tí a ń kà.