Ohun Tí Télọ̀ Ṣógúnlé Lọ Wá Lórí Òkè Ìdànrè

Bí ẹ bá rí mi tí mò ń tiro ní Ṣógúnlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ má rò pé mọ́tò ló gbá mi. Orúnkún ló ń ro mí, Ìdànrè ni mo sì ti gbé e bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló fà á. A jọ jáde ilé ìwé girama ni. Èmi gba ìdí gègé lọ, òun gba ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọdún mẹ́fà ló ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè. Àfi bí lánlọ́ọ̀dù ṣe já ìwé fún un pé kó kó jáde, oṣù mẹ́ta péré. Láti ọjọ́ yẹn lẹ̀rín ti tán lẹ́nu ẹ̀. Ó ní bóun bá kó lọ, àwọn kọ́sítọ́mà ò ní rí òun mọ́. Mo ní ká jọ wá ṣọ́ọ̀bù míì, ó kọ̀ jálẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan ló ṣàdédé sọ pé, "Ìwọ oníwèé ìròyìn yìí, sìn mí lọ Ìdànrè."

Ọmọ Ìdànrè ni ìyá ẹ̀ tó ti dolóògbé. Ìyá yìí máa ń sọ fún un pé orí òkè ni wọ́n bí ìyá ìyá òun sí, ní ìlú kan táwọn èèyàn fẹsẹ̀ ara wọn kúrò níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò débẹ̀ rí. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń mú odindi ìlú kó jáde.

A wọ mọ́tò l'Óṣòdì, a sun Àkúrẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a wọ takisí, ọ̀nà ò ju nǹkan bíi kìlómítà 24 lọ. Mo ti rò pé òkè kan ṣoṣo ni. Rárá o! Àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì, oko kòkó nísàlẹ̀ wọn. Ìlú mẹ́ta ló para pọ̀ di Ìdànrè: Òdòdè, Aládé àti Àtòsìn. Òdòdè la sọ̀ sí, torí ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn wà.

Màmá kan ń ta ọsàn nítòsí ibẹ̀. A kí i, "Ẹ kú ọjà o, Màmá." Ó bi ọ̀rẹ́ mi pé ọmọ ta ni. Bó ṣe dárúkọ ìyá rẹ̀ báyìí, màmá náà fi ọsàn méjì sí i fún wa. Ọ̀rẹ́ mi wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," màmá ní, "ogun ló gbé wọn gòkè. Nígbà tí kò sógun mọ́, oko wà nísàlẹ̀, ọjà wà nísàlẹ̀. Ìyá mi ní àwọn á sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, àwọn á tún ru ẹrù gòkè lálẹ́. Ẹsẹ̀ ló rẹ̀ wọ́n. Kì í ṣe pé ìfẹ́ òkè tán."

Lẹ́yìn ọdún 1920 nìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Àtẹ̀gùn yẹn lé ní 600. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ru ẹrù gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ l'Óṣòdì, ẹ rò ó bíi kẹ́ ẹ gùn ún títí, kó má dópin. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, kò sì séyìí tí mi ò jókòó sí. Ọ̀rẹ́ mi ò sọ̀rọ̀.

A dókè. Atẹ́gùn tútù. Ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1896 wà níbẹ̀, kóòtù àtijọ́ wà níbẹ̀, ààfin Ọwá náà wà níbẹ̀ tòun tòpó gbígbẹ́. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti fi òkè yìí sára àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé sínú ogún àgbáyé. Àmọ́ alángbá ló pọ̀ jù nílùú náà báyìí. Afinimọ̀nà fi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn wá lórí àpáta, ó ní kò sẹ́sẹ̀ tí kò bá a mu. Tọ̀rẹ́ mi wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Tèmi, ẹ jẹ́ n má sọ.

Ọ̀rẹ́ mi béèrè agbo ilé àwọn ìyá ìyá ẹ̀. Afinimọ̀nà ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi bá dúró níwájú ògiri kan tó ti wó, ó fa tépù ìwọnṣọ yọ lápò, ó wọn ẹnu ọ̀nà tó ṣẹ́kù. Ó wò ó títí.

"Wọ́n kúrú," ló sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín láti oṣù kan nìyẹn.

A padà dé lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé, ó kọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, pé kẹ́ni tó bá wá tí kò bá òun pè. Oṣù méjì ló kù fún un, kò sì tíì rí ibòmíì. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù tówó ẹ̀ ò ga jù láàárín Ṣógúnlé sí Máfólúkù, kó kọ̀wé sí mi níbí. Ẹ̀yin ọmọ Ìdànrè, ẹ kọ orúkọ agbo ilé yín tó wà lókè náà ránṣẹ́. Mo ti ṣèlérí fún un pé màá béèrè.