Ọ̀sà Kan, Ọ̀gá Púpọ̀: Ta ni Yóò Pa Ààlà Rẹ̀ fún Wa?

Ọ̀rọ̀ mi ti òní kì í ṣe ti àwẹ̀, kì í ṣe ti sàká. Ọ̀rọ̀ ọ̀sà ni, omi tí ó so Ìkòròdú mọ́ Ẹ̀pẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú jámáà wa ti ń jẹun.

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú láàárọ̀ yóò rí ohun tí mo ń wí. Apẹja ti na àwọ̀n sílẹ̀ níhìn-ín, ẹ̀rọ tí ń fa yanrìn ń dún lọ́hùn-ún, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí ó kó èrò lọ sí Èkó ń sáré gba àárín wọn kọjá. Gẹdú tí a dì pọ̀ ń léfòó bọ̀ láti ìhà Agbówá. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ti Ẹ̀gbin, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, ń fa omi kan náà láti fi mú kí ẹ̀rọ rẹ̀ tutù. Bí òjò bá sì dé, ewé orí omi tí a ń pè ní gbéborùn yóò bò ó. Gbogbo wọn ni ó ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀, àfi gbéborùn.

Ta wá ni ọ̀gá lórí omi náà? Ìjọba àpapọ̀ dá NIWA sílẹ̀ ní 1997. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá LASWA sílẹ̀ ní 2008. Àwọn méjèèjì ń béèrè owó ìwé àṣẹ, títí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi àti àwọn awayanrìn fi gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní 2014, ilé ẹjọ́ dá NIWA láre. Ní 2017, Kòtẹ́milọ́rùn dá Èkó láre. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ náà sọ ẹni tí ó ni àṣẹ, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí a ó ti máa wa yanrìn àti ibi tí a ó ti máa na àwọ̀n.

Èmi gan-an kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn awayanrìn kan pè mí wá ṣe àdúà sí iṣẹ́ wọn. Mo lọ, mo ṣe àdúà, mo gba sàráà, mo sì jẹ ìrẹsì. Kò pẹ́ tí ìyá ẹlẹ́ja kan nínú jámáà wa fi wá bá mi lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Àfáà, àdúà yín gbà o. Yanrìn ń jáde. Ṣùgbọ́n omi ti di ẹrẹ̀, àwọ̀n bàbá àwọn ọmọ mi ti fà ya lẹ́ẹ̀mejì, ẹja tí mo ń gbé lọ sí ọjà Olúwo kò sì tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀.” N kò rí èsì fọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yanrìn ọ̀sà kan náà ni a fi kọ́ mọ́sáláásí tí a jọ dúró sí.

Kì í ṣe àwọn awayanrìn nìkan ni ó jẹ̀bi. Àwọn apẹja kan wà tí ń na àwọ̀n dí ojú ọ̀nà ọkọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ kan wà tí ń kó èrò lóru, tí wọn kò lè rí igi tí ń léfòó níwájú wọn.

Nínú fíkíhì tí a kọ́ nílé kéwú, ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga sí ilẹ̀ tí kò ní olówó, a ó fún un ní ààyè yí kànga náà ká, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ gbẹ́ tirẹ̀ sí, kí omi ẹni àkọ́kọ́ má baà gbẹ. Hàrímù ni wọ́n ń pè é. Omi jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n a pa ààlà sí i kí gbogbo ènìyàn lè mu níbẹ̀. Ìjọba Belgium kò ka fíkíhì, síbẹ̀ ní 2014 wọ́n fi òfin pín òkun tiwọn: ibi tí ọkọ̀ yóò gbà, ibi tí a ó ti wa yanrìn, ibi tí òpó tí ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná yóò dúró sí, àti ibi tí a ó dá sí nítorí ẹja. Ọdún mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n sì ń tún un yẹ̀ wò.

Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ mínísítà kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun nìkan, abẹ́ rẹ̀ ni NIWA sì wà. Ẹ̀bẹ̀ mi sí wọn ni pé kí wọ́n má ṣe jókòó sí Àbújá pín ọ̀sà yìí. Kí wọ́n wá sí Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, kí àwọn ará LASWA wà níbẹ̀, kí wọ́n sì pe apẹja, awayanrìn, ọlọ́kọ̀, onígẹdú, àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja pẹ̀lú, nítorí àwọn ni ó mọ oṣù tí ẹja ń wọlé àti ibi tí ó ń yé sí. Kí a ya àwòrán ọ̀sà náà, kí a ri òpó mọ́ ojú ààlà, kí a sì ka òfin rẹ̀ ní èdè Yorùbá ní mọ́sáláásí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ọjà.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹni tí ó bá tún pè mí fún àdúà iṣẹ́ yanrìn, màá ní kí ó kọ́kọ́ mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja àdúgbò náà, kí ó fi ibi tí yóò ti wa á hàn wọ́n níṣojú mi.