Òjò ló ń fọ iyọ̀ oko Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀, ta ni yóò fọ ti abẹ́ ilé ọ̀rá?

Bí wọ́n bá sọ fún àgbẹ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré pé iyọ̀ lè ba oko rẹ̀ jẹ́, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ fi rín. Òkun jìnnà sí Èkìtì, omi odò Ògbèsè tó gba ìhà Ìsẹ̀ kọjá kò sì níyọ̀ lẹ́nu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé òkun jìnnà nìkan ló ń dáàbò bo oko náà. Òjò ni. Òjò tó ń rọ̀ ní agbègbè yìí lọ́dún lé ní 1,200 mìlímítà, òun ló ń fọ iyọ̀ inú ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, tó ń gbé e lọ sódò, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Okòwò oko tí wọ́n ń polówó fáwọn ọ̀dọ́ báyìí ni èyí tí òjò kò dé: ọ̀gbìn ẹ̀ẹ̀rùn nínú àkùrọ̀, àti tòmátì pẹ̀lú ata rodo inú ilé ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní gírínháòsì. Ẹni tó bá fi ọ̀rá bo ilẹ̀ ti lé òjò lọ nìyẹn, iṣẹ́ tí òjò ń ṣe sì ti di tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní omi kànga kan dára, tó ṣeé mu, tí ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀ sì pè é ní 0.5 dS/m. Nínú lítà 1,000 irú omi bẹ́ẹ̀, bíi gíráàmù 320 iyọ̀ oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀. Ilé ọ̀rá tó fẹ̀ ní mítà 8, tó gùn ní mítà 30, bó bá mu omi tó jìn tó ìdajì mítà láàárín ìgbà ọ̀gbìn mélòó kan, lítà 120,000 nìyẹn. Iyọ̀ tó wọlé pẹ̀lú omi yìí tó kílò 38, a kò tíì ka ajílẹ̀ mọ́ ọn. Omi á fẹ́ lọ sójú ọ̀run, iyọ̀ kò ní bá a lọ.

Gbòǹgbò ló ń fa omi fún igi oko. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ilẹ̀, ilẹ̀ lè tutù rinrin kí ewé ó máa rọ, nítorí pé omi ọ̀hún kò fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ iyọ̀ mọ́. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀ á tún bu omi iyọ̀ kan náà sí i. Ewé á wá pa àwọn ihò tó fi ń mí dé kí omi ara rẹ̀ má bàa tán, bẹ́ẹ̀ ihò yìí ni afẹ́fẹ́ tó fi ń ṣe ṣúgà ń gbà wọlé. Ìwọ̀nba ṣúgà tó bá rí ṣe, á dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró láti fi fa omi mọ́ra, dípò kó fi ránṣẹ́ sínú èso. Tòmátì á kéré. Bí iyọ̀ inú ilẹ̀ bá ti kọjá 2.5 dS/m, gbogbo ìwọ̀n kan tó bá tún fi lé e ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìkórè tòmátì dànù. Àgbàdo kò tilẹ̀ lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀, 1.7 ni tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Pákí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká ni lára jù, pàápàá tó bá ṣì kéré. Sítáàṣì ni ẹni tó ń ra pákí ń sanwó fún, ìbáà ṣe onígààrí tàbí iléeṣẹ́ ńlá. Èròjà inú igi tó ń sọ ṣúgà di sítáàṣì nílò pòtáṣíọ̀mù, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù inú iyọ̀ máa ń gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ Hausa nìkan ni èyí, kó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Awóyè, ní Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Èkìtì wà nínú rẹ̀ títí di October 1, 1996. Ipa odò tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ epo láàárín ọdún 1970 sí 1979 ló ṣílẹ̀kùn fún omi òkun, ó sì pa igbó omi tútù tó wà níbẹ̀. Ti Èkìtì kò ní gba ojú òkun wá, inú páìpù àti àpò ajílẹ̀ ni yóò gbà.

Ìjọba àti báńkì tó ń yáni lówó fún ilé ọ̀rá kò gbọdọ̀ fọwọ́ síwèé láìjẹ́ pé wọ́n ti wọn iyọ̀ omi kànga ibẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kò ju ohun tọ́wọ́ kan lè gbé, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọ̀rá. Ajílẹ̀ náà ń fẹ́ ẹ̀sọ̀: pòtáṣíọ̀mù kílóráìdì tó wọ́pọ̀ lọ́jà fi ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níyọ̀ ju pòtáṣíọ̀mù sọ́féètì lọ. Ẹni tó bá sì ti kórè tán nígbà òjò, kó ká ọ̀rá orí ilé náà kúrò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí òjò Òkúdù bá a fọ ilẹ̀ ọ̀hún kó tó gbin òmíràn.