Omi Ni Kí Ó Ṣáájú Ère

Àwọn àgbà wa ní: bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti tálákà nìkan. Òfin ìnáwó ni fún ẹnikẹ́ni tí ó bá di àpò ìlú mú. Ó ń kọ́ wa pé àìní ní ìtẹ̀léra: èyí tí ń pani ni a kọ́kọ́ ń wá oògùn sí, èyí tí ń dójú tini lè dúró díẹ̀.

Kò sí ìjọba tí kì í sọ pé omi, ìlera àti ẹ̀kọ́ jẹ òun lógún. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ohun tí a fi ń mọ òtítọ́ ni èyí: nígbà tí owó kò bá tó, kí ni ìjọba gbà kí ó dúró?

Abala 8 nínú Òfin-ìpìlẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1990 pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ní ànfààní ọgbọọgba sí ìlera àti ẹ̀kọ́. Nítorí náà, gbèsè ni, kì í ṣe ìtọrẹ. Ní 2016, ìjọba ṣèlérí pé omi mímọ́ yóò kárí ilẹ̀ wa títí 2021. A kò ní sẹ́ iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ṣe. Síbẹ̀ 2021 kọjá, ọ̀pọ̀ abúlé ṣì ń retí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Agẹmọ ọdún 2022, a ṣí ère Amazon, tí ó ga ní mítà 30, ní Kútọnu.

Àwọn kan yóò bi wá pé: ṣé ẹgbẹ́ àṣà ni yóò máa tako ère? Wọ́n ní ère ń mú àlejò wá, àlejò sì ń mú owó wá. A gbọ́. Àwa náà ń yọ̀ nígbà ọdún iṣu Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù Ògún. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé àṣà ró? Ọmọbìnrin tí ó fi ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ dúró ti garawa níbi pọ́ǹpù, oorun ni yóò gbé e lọ kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Láti 2009 ni iṣẹ́ abẹ fún aboyún ti di ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ìpinnu rere ni, ṣùgbọ́n kí ni ọ̀fẹ́ yóò ṣe fún aboyún tí kò rí ọkọ̀ gbé e jáde láti oko Gouka?

Ẹ wo Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé owó orí ka àwọn ènìyàn lórí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú bí wọn. Ní 1954, ẹgbẹ́ NCNC borí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní agbègbè rẹ̀ gan-an nínú ìbò ìjọba àpapọ̀. Kò yẹsẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000 láàárín ọdún kan. Tẹlifíṣọ̀n dé ní 1959, pápá ìṣeré Liberty ní 1960. Ohun ẹ̀yẹ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ni ó dé.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Bantè ń dìbò lórí ìwé ìṣúná lọ́dọọdún, ìjókòó rẹ̀ kò sì sí ní ìkọ̀kọ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń san owó orí kò lè kà á. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ gbọ́ èdè méjèèjì, iṣẹ́ yín nìyí: ẹ gba ìwé náà, ẹ túmọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí etí àwọn ìyá wa ní ọjà Gouka. Ẹ béèrè iye tí a yà sọ́tọ̀ fún kíkọ́ pọ́ǹpù tuntun, àti iye tí a fi ń tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe. Bí ìdáhùn kò bá sí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wa sọ̀rọ̀ ère.